Kóòtù: Ọ̀rọ̀ Kan Tó Ti Inú Àgbàlá Wá

Ẹ jẹ́ ká bi yín ní ìbéèrè kékeré kan. Bí ẹnìkan bá sọ fún yín pé "kóòtù ni mò ń lọ", ibo lẹ rò pé ó ń lọ? Bó bá wọ ṣòkòtò péńpé, tó gbé bọ́ọ̀lù dání, ẹ ó mọ̀ pé ó fẹ́ lọ ju bọ́ọ̀lù sáwọ̀n ni. Bó bá wọ aṣọ funfun, tí òun àti àfẹ́sọ́nà rẹ̀ di ara wọn lọ́wọ́ mú, wọ́n fẹ́ lọ fọwọ́ síwèé ìgbéyàwó ni. Bí ojú rẹ̀ bá fàro, tí lọ́yà sì ń tẹ̀ lé e lẹ́yìn, ọ̀rọ̀ ti di ẹjọ́ nìyẹn. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ìmọ̀ òfin láàárín wa ní kóòtù tiwọn, níbi tí wọ́n ti ń fi ẹjọ́ àròsọ dánra wò. Àwọn tó ń kọ́ ilé ńláńlá sí Lẹ́kí àti Abuja náà fẹ́ràn láti máa fi "Court" parí orúkọ ilé wọn. Ká má tíì sọ ti kóòtù tí lọ́yà ń wọ̀ sọ́rùn, tó jẹ́ pé ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì mìíràn pátápátá ni, àmọ́ tí ẹnu Yorùbá ti sọ ọ́ di ìbejì eléyìí. Bí a bá ní lọ́yà wọ kóòtù lọ sí kóòtù, kò sí ọmọ Yorùbá tí kò ní í yé.

Ìtàn ọ̀rọ̀ yìí la fẹ́ sọ lónìí, a ó sì gbé e ka orí ilẹ̀ Ọ̀wọ̀ àti ilẹ̀ Ọ̀sẹ́ ní Ìpínlẹ̀ Oǹdó. Ìdí tí a fi yan ibẹ̀ kò le. Ohun tí ọ̀rọ̀ náà ń sọ ní ìbẹ̀rẹ̀ pẹ̀pẹ̀ rẹ̀ wà ní Ọ̀wọ̀, ó wà ní ojútáyé, ẹni tó bá lọ sí ààfin Ọlọ́wọ̀ lè fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ tẹ̀ ẹ́.

Nínú èdè Látìn, ọ̀rọ̀ kan wà tó ń jẹ́ cohors. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni ilẹ̀ tí a sọ ọgbà yí ká, àgbàlá lásán. Àwọn ará Faransé sọ ọ́ di cort. Nígbà tí àwọn Norman láti ilẹ̀ Faransé ṣẹ́gun ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní 1066, wọ́n gbé èdè wọn wá, ọ̀rọ̀ náà sì wọ inú èdè Gẹ̀ẹ́sì. (Ọ̀rọ̀ "cohort" tí àwọn olùkọ́ wa máa ń pariwo rẹ̀ nínú kíláàsì ìwádìí, ọmọ ìyá rẹ̀ ni.) Láti orí àgbàlá, ó sún sórí ẹni tó ni àgbàlá náà. Ọba ló ni àgbàlá tó tóbi jù, nítorí náà court di ilé ọba, ó tún di àwọn ìjòyè àti ìránṣẹ́ tó yí ọba ká. Nígbà tó sì jẹ́ pé iwájú ọba ni wọ́n ń gbé ẹjọ́ wá, court di ibi ìdájọ́.

Ìwà tó yẹ ẹni tó ń gbé ààfin ni wọ́n ń pè ní "courtesy". Àwọn ará ààfin sì mọ bí a ṣe ń pọ́nni, bí a ṣe ń fi ọ̀rọ̀ dídùn wá ojúrere ẹni ńlá, ibẹ̀ ni wọ́n ti ní ọkùnrin tó ń fi ọ̀rọ̀ dídùn wá ojúrere obìnrin ń "court" rẹ̀. Ní ilẹ̀ Faransé, inú àgbàlá ni wọ́n ti ń fi àtẹ́lẹwọ́ gbá bọ́ọ̀lù kan tó di baba tẹníìsì lónìí, ìdí nìyẹn tí orí ilẹ̀ tí wọ́n ti ń gbá a fi ń jẹ́ court títí dòní. Ẹ ò rí i pé láti orí ìfẹ́ dé orí ẹjọ́, dé orí bọ́ọ̀lù, inú ọgbà kan náà ni gbogbo wọn ti jáde.

Ohun kan wà nínú ìtàn àwọn Gẹ̀ẹ́sì tí a fẹ́ kí ẹ fi sọ́kàn, nítorí a máa nílò rẹ̀ tí a bá dé Ọ̀wọ̀. Ayé àtijọ́, ọba Gẹ̀ẹ́sì kì í jókòó sójú kan. Ó ń rìn kiri ìlú, ilé ẹjọ́ rẹ̀ sì ń bá a rìn. Ẹni tó bá ní ẹjọ́ ilẹ̀ pẹ̀lú aládùúgbò rẹ̀ lè máa sá tẹ̀ lé ọba láti ìlú dé ìlú. Nígbà tí àwọn ìjòyè fipá mú Ọba John láti fọwọ́ sí ìwé àdéhùn Magna Carta ní 1215, wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ ní orí 17 pé irú ẹjọ́ bẹ́ẹ̀, ẹjọ́ ará ìlú sí ará ìlú, kò gbọdọ̀ máa tẹ̀ lé court ọba kiri mọ́. Ojú kan pàtó ni kí wọ́n ti máa gbọ́ ọ. Ibẹ̀ ni kóòtù ọba àti kóòtù ẹjọ́ ti bẹ̀rẹ̀ sí í pínyà. Àwọn ará ìlú náà ló béèrè fún ìpínyà yìí, ó sì gba wọn ní ọ̀pọ̀ ọdún kó tó fìdí múlẹ̀.

Ó yá, ẹ jẹ́ ká wọ Ọ̀wọ̀.

Ààfin Ọlọ́wọ̀ wà lára àwọn ààfin tó tóbi jù lọ ní ilẹ̀ Yorùbá. Wọ́n ní àgbàlá inú rẹ̀ ju 100 lọ láyé àtijọ́. Àwọn ará Ọ̀wọ̀ kì í pè é ní àgbàlá, ùghà ni wọ́n ń pè é, ọ̀rọ̀ tí àwọn ará Ẹdó náà ń lò fún àgbàlá ààfin ọba wọn. Ùghà kọ̀ọ̀kan ló ní iṣẹ́ tirẹ̀, ó sì ní òrìṣà tó ni ín. Èyí tó tóbi jù nínú wọn ni gbogbo ìlú ti ń péjọ tí ọdún bá dé. Wọ́n fi òkúta wẹ́wẹ́ tàbí àpáàdì tẹ́ ilẹ̀ àwọn mìíràn. Wọ́n gbẹ́ ère ọba lórí ẹṣin, tàbí ọba pẹ̀lú olorì àgbà, sára òpó tó gbé ọ̀dẹ̀dẹ̀ dúró. Ní ọdún 2000, ìjọba àpapọ̀ kéde ààfin náà gẹ́gẹ́ bí ohun ìṣẹ̀ǹbáyé orílẹ̀-èdè.

Kì í ṣe pé àgbàlá wà ní Ọ̀wọ̀ nìkan, àgbàlá ní òfin. Gbogbo ẹni tó bá ti gbọ́ ìtàn ọdún Igogo ti gbọ́ ìtàn Ọ̀rọ̀nsẹn, olorì Ọlọ́wọ̀ Rẹ́ńgẹ́njẹ́n. Wọ́n ní obìnrin náà kì í ṣe ènìyàn lásán, ó sì ní èèwọ̀: wọn kò gbọdọ̀ lọ ilá níṣojú rẹ̀, wọn kò gbọdọ̀ da omi sí àgbàlá níṣojú rẹ̀, wọn kò sì gbọdọ̀ ju ẹrù igi sílẹ̀ níṣojú rẹ̀. Àwọn orogún rẹ̀ gbìmọ̀ pọ̀, wọ́n ṣe gbogbo rẹ̀. Ọ̀rọ̀nsẹn bínú, ó kúrò ní ààfin, kò sì padà mọ́. Títí dòní, ní oṣù kẹsàn-án ọdọọdún, Ọlọ́wọ̀ máa ń di irun, ó máa ń wọ ìlẹ̀kẹ̀, agogo ni wọ́n sì ń lù káàkiri ìlú, wọn kì í lu ìlù. Igbó tí ìtàn ní obìnrin náà sá gbà, níbi tí gèlè rẹ̀ bọ́ sí, ni wọ́n ń pè ní Igbó Ọ̀lájà, ibẹ̀ sì ni Ekpo Eyo ti wa ilẹ̀ ní 1969 sí 1971, tó hú àwọn ère amọ̀ Ọ̀wọ̀ tó ti wà láti nǹkan bí 1400 síwájú jáde.

Ẹ wo èèwọ̀ mẹ́ta wọ̀nyẹn dáadáa. Ọ̀rọ̀ ohun tí a lè ṣe àti ohun tí a kò gbọdọ̀ ṣe nínú àgbàlá ni. Olorì kan lọ torí pé wọ́n rú òfin àgbàlá, ìlú sì ti ń fi ọdọọdún san ìtanràn rẹ̀ láti ìgbà náà. Bí àwa ṣe ka ìtàn náà nìyẹn, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹnìkan láàárín wa tó jẹ́ ọmọ Ọ̀wọ̀ ní kí á má wulẹ̀ sọ ọdún Igogo di kíláàsì òfin.

Ìdájọ́ gan-an kò yàtọ̀ púpọ̀ sí ti àwọn ìlú Yorùbá yòókù. Ọ̀dẹ̀dẹ̀ olórí ẹbí lẹjọ́ ti ń bẹ̀rẹ̀. Bí kò bá yanjú, ó di ọ̀dọ̀ olóyè àdúgbò. Ọ̀jọ̀mọ̀ ní Ìjẹ̀bú-Ọ̀wọ̀, àpẹẹrẹ kan, ní ààfin tirẹ̀ àti àwọn ènìyàn tirẹ̀. Èyí tó bá ju agbára olóyè lọ, ojú àgbàlá Ọlọ́wọ̀ ni. Agbẹjọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà, nítorí náà ọ̀tún ní láti rò, òsì ní láti rò, kí àwọn àgbà tó gbé ọ̀rọ̀ náà yẹ̀ wò. Tí ẹjọ́ bá parí, a ó bu omi, a ó là obì, ẹni tó jàre àti ẹni tó jẹ̀bi á jọ jẹ ẹ́. Ọba, ìgbìmọ̀, ìdájọ́, àjọ̀dún, inú ùghà ni gbogbo wọn wà. Ohun tí ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì náà fi ọ̀pọ̀ ọgọ́rùn-ún ọdún kó jọ sínú ara rẹ̀, orí ilẹ̀ kan ṣoṣo ló wà ní Ọ̀wọ̀.

A kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni rò pé a ń sọ pé ayé dára nígbà náà. Ẹrú kò lẹ́nu nínú àgbàlá yẹn. Ìwọ̀fà kò fi bẹ́ẹ̀ ní. Obìnrin tó fẹ́ kọ ọkọ rẹ̀ lè pa á tì títí, kí wọ́n máa rọ̀ ọ́ pé kó padà sílé. Ẹni tí ọba ń gba tirẹ̀ kì í jẹ̀bi bọ̀rọ̀.

Nígbà tí ìjọba amúnisìn dé, tí Ọ̀wọ̀ sì di ọ̀kan lára àwọn ẹ̀ka Oǹdó Province, court dé pẹ̀lú rẹ̀. Àmọ́ kì í ṣe gbogbo ìtumọ̀ rẹ̀ ni àwọn Òyìnbó gbé wá. Ìtumọ̀ ẹyọ kan ni wọ́n gbé wá: ilé tí a ti ń dájọ́. Òfin Native Courts ti 1914 ló fi ẹsẹ̀ rẹ̀ múlẹ̀ káàkiri. Ọba àti àwọn olóyè ṣì ni wọ́n ń fi jókòó gẹ́gẹ́ bí adájọ́, ẹni tó bá wò ó lókèèrè á ní kò sóhun tó yàtọ̀. Ó yàtọ̀ púpọ̀. Owó ni wọ́n fi ń pe ẹjọ́ báyìí. Wọ́n ń kọ ọ̀rọ̀ sílẹ̀. Akọ̀wé kóòtù tó mọ̀wé ló jókòó láàárín àwọn àgbà tí wọn kò mọ̀wé, ohun tó bá kọ ni D.O. yóò kà, D.O. sì ní àṣẹ láti yí ìdájọ́ padà. Ní ọ̀pọ̀ ìlú, akọ̀wé yìí di ẹni tí àwọn ènìyàn ń bẹ̀rù ju adájọ́ lọ. Òfin 1914 náà kò gba lọ́yà láàyè láti yọjú rárá. Ẹ rántí pé ìjọba tó fi ọ̀rọ̀ court lé wa lọ́wọ́ ni kò fẹ́ kí lọ́yà wọ inú rẹ̀.

Bí ọ̀rọ̀ náà ṣe wọ ẹnu Yorùbá nìyẹn, tó di kóòtù. Ẹ̀rí kan sì wà nínú òwe wa tí a rò pé ó yẹ kí àwọn tó ń ka ìmọ̀ ìtàn máa lò ju bí wọ́n ṣe ń lò ó lọ: a kì í ti kóòtù bọ̀ ká ṣọ̀rẹ́. Gbogbo wa la mọ̀ ọ́n. A máa ń pa á bí ẹni pé láti ìgbà ìwáṣẹ̀ ló ti wà. Kò lè jẹ́ bẹ́ẹ̀! Ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì wà nínú rẹ̀. Kò sí ẹni tó lè pa òwe yẹn kí àwọn Òyìnbó tó gbé kóòtù dé. Òwe náà fúnra rẹ̀ ti kọ ọjọ́ orí rẹ̀ síwájú orí. Ohun tó ń sọ sì ni pé àwọn tó kọ́kọ́ lo kóòtù rí ìyàtọ̀: nínú àgbàlá, obì ni wọ́n fi ń parí ẹjọ́, ní kóòtù, ẹnìkan á borí, ẹnìkan á san owó, oníkálùkù á gba ọ̀nà ilé rẹ̀ lọ.

Síbẹ̀, àwọn tí kò rí ojúrere nínú àgbàlá rí nǹkan mú ní kóòtù. Àwọn obìnrin ni a ń sọ. Káàkiri ilẹ̀ Yorùbá ní ìbẹ̀rẹ̀ ọgọ́rùn-ún ọdún tó kọjá, ẹjọ́ ìkọ̀sílẹ̀ pọ̀ nínú ìwé kóòtù lọ bí ilẹ̀ bí ẹní. Obìnrin tí ọkọ sú lè lọ san owó ìpẹ̀jọ́, kí ẹni tó fẹ́ fẹ́ ẹ san ìdána padà fún ọkọ àárọ̀, kí ọ̀rọ̀ parí. Àwọn ọkọ pariwo, àwọn olóyè pariwo, wọ́n ní kóòtù ń ba obìnrin jẹ́. Ẹ̀yin tó ń wá àkòrí iṣẹ́ àṣekágbá, fáìlì Ondo Prof wà ní ilé ìpamọ́ ìwé ìjọba ní Ìbàdàn, nínú ọgbà yunifásítì níbẹ̀. Ẹ lọ kà á. Kì í ṣe Ọ̀wọ̀ nìkan ló wà ńbẹ̀. Tí ẹ bá sì dé ibi tí wọ́n kọ "court" sí, ẹ kọ́kọ́ bi ara yín léèrè pé èwo nínú wọn ni.

Ilẹ̀ Ọ̀sẹ́ tún gbé ìṣòro mìíràn jáde. Òfin ní kí kóòtù ìbílẹ̀ máa fi àṣà ìbílẹ̀ dájọ́, tí àṣà náà kò bá ti lòdì sí òdodo, ẹ̀tọ́ àti ẹ̀rí ọkàn rere. (Òdodo ta ni? Ẹ̀rí ọkàn ta ni? Ti Òyìnbó ni o.) Ẹ gbé apá ibi tí òfin ti ń sọ "àṣà ìbílẹ̀" wò ná. Ọ̀sẹ́ bá Ìpínlẹ̀ Edo pààlà. Ìfọ́n, Ìmọ̀rú, Arímọ́gíjà, Òkèlúsè, Ùtè, Ìdóàní, ìlú kọ̀ọ̀kan ló ní ọba àti ìtàn tirẹ̀. Ní Ìdóàní, àdúgbò kan wà tí wọ́n ń sọ èdè Iyayu, tó bá èdè àwọn ará Ẹdó tan ju Yorùbá lọ. Bí bàbá bá kú ní irú ilẹ̀ bẹ́ẹ̀, àṣà ta ni kóòtù yóò fi pín ogún? Lọ́dọ̀ àwọn Ẹdó, ilé tí bàbá gbé kú ti àkọ́bí ọkùnrin ni, igiogbe ni wọ́n ń pè é. Lọ́dọ̀ wa, ìdí-igi ni, ìyẹn pé bí ìyàwó bá ṣe pọ̀ tó la ó pín ogún sí, tàbí orí-ò-jorí tí ẹbí bá rí i pé ó sàn bẹ́ẹ̀. Ẹjọ́ ìdí-igi kan tó bẹ̀rẹ̀ ní Èkó dé ọ̀dọ̀ Privy Council ní Lọ́ńdọ̀nù, ní 1962 sì ni àwọn adájọ́ Òyìnbó níbẹ̀ tó fìdí rẹ̀ múlẹ̀ pé ìdí-igi ṣì jẹ́ òfin Yorùbá. Bàbá kú ní Èkó, Lọ́ńdọ̀nù ni wọ́n ti mọ bí wọn yóò ṣe pín ilé rẹ̀. Láti àgbàlá olórí ẹbí dé ibẹ̀ jìnnà díẹ̀.

Ní 1957, ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn yí orúkọ Native Court padà sí Customary Court. Ẹnu àwa kò yí padà, kóòtù ìbílẹ̀ la ṣì ń pe méjèèjì. Ibi tí Yorùbá ti fi ọgbọ́n tirẹ̀ sí i ni orúkọ àwọn kóòtù òkè. Gẹ̀ẹ́sì ní Court of Appeal, àwa ní ilé ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn. Ẹni tó kọ́kọ́ sọ ọ́ bẹ́ẹ̀ yẹ lẹ́ni tí à ń fún ní oyè. Ohùn ẹni tó pàdánù ẹjọ́ ló fi sọ ilé náà lórúkọ.

Ọ̀wọ̀ pẹ̀lú kóòtù kò tíì parí síbẹ̀ yẹn o. Sir Olateru Olagbegi Kejì gorí ìtẹ́ ní 1941, ó sì di ọ̀kan lára àwọn ọba tí òkìkí wọn kàn jù ní Ìwọ̀-Oòrùn. Ìjà òṣèlú àárín ọdún 1960 sí 1969 dé ààfin rẹ̀. Rògbòdìyàn bẹ́ sílẹ̀ ní Ọ̀wọ̀ ní 1966, nígbà tó fi máa di 1968, ìjọba ológun Ìwọ̀-Oòrùn ti yọ ọ́, Adekola Ogunoye Kejì sì ti jókòó sípò. Nígbà náà, ìwé òfin orílẹ̀-èdè ti 1963 ní ìlà kan nínú tó sọ pé kò sí kóòtù kankan ní Nàìjíríà tó gbọdọ̀ gbọ́ ẹjọ́ oyè. Ẹ gbọ́ ohun tí ìyẹn túmọ̀ sí: ọba tí wọ́n lé kúrò nínú kóòtù tirẹ̀, ìyẹn ààfin, òfin tún ti ti ìlẹ̀kùn kóòtù kejì mọ́ irú ẹjọ́ rẹ̀. Ìwé òfin 1979 ló mú ìlà yẹn kúrò. Olagbegi kò padà sórí ìtẹ́ títí di 1993, lẹ́yìn tí Ogunoye ti wàjà. Ọdún márùn-ún ló lò kí òun náà tó wàjà ní 1998. Ọmọ rẹ̀, Folagbade, jọba tẹ̀ lé e. Láti 2019, Ajibade Gbadegesin Ogunoye Kẹta ló wà níbẹ̀. Ìdílé méjèèjì ṣì ń gbé e fún ara wọn.

Àwọn ọmọ Ọ̀wọ̀ tí kì í ṣe ọba náà mọ ọ̀nà kóòtù. Michael Adekunle Ajasin, tisà àgbà tó jẹ́ ọ̀gá Imade College, tó tún dá Owo High School sílẹ̀ ní 1963, ló di gómìnà Oǹdó ní 1979. Ní 1983, àjọ elétò ìdìbò kéde pé igbákejì rẹ̀ tẹ́lẹ̀, Akin Omoboriowo, ló wọlé. Ìlú gbiná. Ilé iná, ẹ̀mí lọ. Kóòtù ló dá ìbò náà padà fún Ajasin, láti Àkúrẹ́ títí dé ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ. Oṣù mẹ́ta péré ló fi jẹ sáà kejì náà kí àwọn ológun tó gbàjọba lọ́jọ́ tó kẹ́yìn ọdún yẹn, kò sì sí kóòtù tó lè dá ìyẹn padà. Ọmọ Ọ̀wọ̀ mìíràn, Rotimi Akeredolu, tó ti jẹ́ ààrẹ ẹgbẹ́ àwọn agbẹjọ́rò Nàìjíríà láti 2008 sí 2010, mọ̀ pé ẹyọ ìbò adájọ́ kan ló gbé òun dúró: ní 28 oṣù keje ọdún 2021, adájọ́ mẹ́rin nínú méje ní ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ ló ní kó máa ṣe gómìnà lọ, mẹ́ta ní rárá.

Ẹ jẹ́ ká sọ̀ kalẹ̀ sórí èyí tó kàn wá jù, nítorí ọ̀pọ̀ nínú wa ni yóò ṣe ìgbéyàwó láìpẹ́, àwọn tó wà nínú ẹgbẹ́ onígbàgbọ́ ọgbà wa sì ti ń "court" ara wọn bó ti yẹ, pẹ̀lú àṣẹ ìgbìmọ̀. A máa ń ní "wọ́n ti ṣe kóòtù". Wọn kò ṣe kóòtù kankan. Kò sí adájọ́ níbẹ̀, kò sí ẹjọ́. Ọ́fíìsì akọ̀wé ìgbéyàwó ni wọ́n lọ, ní ìjọba ìbílẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ènìyàn. Wọn á lẹ ìkéde mọ́ ara pátákó fún ọjọ́ 21 kí ẹni tó bá ní ohun tó fẹ́ sọ wá sọ ọ́, kí wọ́n tó fún wọn ní ìwé ẹ̀rí. Orúkọ tí a sọ ọ́ yìí ti kó bá àwọn ènìyàn. Ẹni tó bá ti fọwọ́ síwèé bẹ́ẹ̀ kò lè fẹ́ ìyàwó mìíràn lábẹ́ àṣà mọ́, òfin ìwà ọ̀daràn wa sì lè fi ẹni tó bá tún ṣe ìgbéyàwó kejì sẹ́wọ̀n ọdún méje. Bí ìgbéyàwó náà bá sì dàrú, kóòtù ìbílẹ̀ tó wà nítòsí kò ní agbára lórí rẹ̀. Ilé ẹjọ́ gíga nìkan ló lè tú u. Ìgbéyàwó àṣà, èyí tí a fi orí àti ìdána ṣe, ni kóòtù ìbílẹ̀ lè tú. Ẹ wá fojú inú wo obìnrin kan tó gbọ́ "kóòtù" nígbà tó ń wọlé ọkọ, tó sì gba kóòtù tó sún mọ́ ilé lọ nígbà tó ń jáde. Wọ́n lè fún un ní ìwé ìtúká tó jẹ́ pé páálí lásán ni. Ó lè tún ọkọ fẹ́ lórí ìwé yẹn. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ló ṣì í lọ́nà.

Lọ́nà kejì, ọ̀rọ̀ náà ń ṣi àwa akẹ́kọ̀ọ́ lọ́nà nínú ìwé. Àwọn tó ń kọ̀wé lórí ère amọ̀ àti eyín erin gbígbẹ́ ti Ọ̀wọ̀ máa ń lo "court art". Tí ẹ bá sọ ìyẹn di "iṣẹ́ ọnà kóòtù", ẹni tó bá gbọ́ á rò pé inú ilé ẹjọ́ ni wọ́n gbé e kọ́ sí, lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwòrán gómìnà. Iṣẹ́ ọnà ààfin ni. Nígbà tí ọ̀rọ̀ yẹn wọ èdè Yorùbá, ó fi ọba sílẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà. "Kóòtù Ọlọ́wọ̀" létí Yorùbá, ibi tí wọ́n ti ń gba owó ìtanràn ni. Ọgbọ̀n ọdún tàbí ogójì ọdún tí wọ́n fi lo ọ̀rọ̀ náà fún Native Court nìkan ti tó láti gé ìdajì ìtumọ̀ rẹ̀ dànù. Lójú tiwa, kò yẹ ká máa wá bí a ó ṣe dá a padà. Ààfin wà, ìgbìmọ̀ wà, ùghà wà. Ẹ jẹ́ ká lò wọ́n.

Àgbàlá náà kò sì tíì ṣíwọ́ ìdájọ́. Ní Ọ̀wọ̀ àti ní Ọ̀sẹ́, bí i ní gbogbo ilẹ̀ Yorùbá, àwọn ènìyàn ṣì ń gbé ẹjọ́ ilẹ̀, ẹjọ́ oko, ẹjọ́ tọkọtaya lọ sọ́dọ̀ ọba àti olóyè kí wọ́n tó ronú kan lọ́yà, àwọn mìíràn kì í tilẹ̀ ronú kan án rárá. Ní 1991, nínú ẹjọ́ ilẹ̀ kan tó wá láti ilẹ̀ Ìgbò, Agu àti Ikewibe, ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ ní Nàìjíríà sọ pé irú ìdájọ́ àgbà bẹ́ẹ̀ lè de àwọn tó gbé ẹjọ́ wá, bí ìdájọ́ kóòtù ṣe ń dè wọ́n. Ó ní ohun tó gbọ́dọ̀ wà níbẹ̀. Àwọn méjèèjì ní láti fi tinútinú gbé ọ̀rọ̀ náà síwájú àwọn àgbà, kí wọ́n gbà pé ohun tí àgbà bá sọ làwọn yóò tẹ̀ lé. Àwọn àgbà ní láti dá a gẹ́gẹ́ bí àṣà wọn. Ẹnikẹ́ni nínú wọn kò sì gbọdọ̀ ti fẹsẹ̀ fẹ́ ẹ kí ìdájọ́ tó jáde. Ẹni tó bá jókòó títí tó gbọ́ ìdájọ́, tí kò dùn mọ́ ọn nínú, tó wá sáré gba kóòtù lọ láti bẹ̀rẹ̀ ẹjọ́ náà lákọ̀tun, wọ́n lè dá a padà láti ẹnu ọ̀nà. Àwọn lọ́yà ṣì ń jiyàn lórí ìdájọ́ yẹn títí dòní, pàápàá lórí bí wọn yóò ṣe mọ̀ pé tinútinú lẹnìkan fi wọ ààfin ọba.